Èpístélì Kì Í Ṣe Lẹ́tà Lásán

Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, 2025.

Tèmítáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àánúolúwapọ̀ ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì sọ yín di ẹja inú fíríjì? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, iṣu ti wọlé láti oko, ewúrẹ́ Àlhájà Sàdíátù aládùúgbò wa tún ti jẹ òdòdó tí ìyá rẹ gbìn síwájú ilé. Mo bá Àlhájà sọ̀rọ̀, ó ní òun kò rí ewúrẹ́ kankan.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Festus ọ̀rẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Nínú mẹ́fà yẹn, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló sọ̀rọ̀ fún méjì. Nígbà tó yá, o ní, "Dàdí, ẹ dúró ná," o lọ bá ọmọ rẹ jà lórí bàtà. Mo dúró. Nígbà tí o padà dé, o ti gbàgbé ohun tí o ń sọ, o ní ó dàbọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń da ohùn sílẹ̀ fún bí ẹni da àgbàdo fún adìẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́, mo sì fi mẹ́tàlá nínú rẹ̀ ṣe hẹ́dímásítà.

Èpístélì ni mo fẹ́. N kò sọ pé lẹ́tà o. Lẹ́tà ni ọmọ ilé ìwé ń kọ sílé pé gàrí ti tán. Èpístélì ni mo fẹ́, èyí tó ní orí, tó ní ìdí, tí àgbàlagbà lè dìde dúró kà. Kọ ọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí Festus. Yóò lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù Ìfẹ́dayọ̀ lẹ́nu géètì yunifásítì. Ìfẹ́dayọ̀ yóò fi í sínú àpò ìwé, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, kò sì ní sí ẹni tí yóò já a àfi lójú mi.

Festus ló ń bá mi kọ èyí nítorí apá ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀. Má dààmú.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Morákinyọ̀
(Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì).

Tèmi ọmọ mi, èmi Festus ni mo fi ti ìsàlẹ̀ yìí sí i. Apá kò dùn ún. Ojú ni. Ó ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé òun, n kò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i tán ni mo kọ ọ́. Àwọ̀ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ọsibítù Ìdó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, àwọn sì ti fún un lọ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òjò ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, a dé ibẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, a kò rí i mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ọsibítù ló gbà jáde, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìfàkì. Níbi tó ti ń jẹ iyán ni mo ti bá a.


Halifax, Kánádà.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2025.

ÈPÍSTÉLÌ TÈMÍTÁYỌ̀ SÍ BÀBÁ RẸ̀ TÍ Ó WÀ NÍ ÌKỌ̀LÉ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Inú ilé ni mo ti kúnlẹ̀ o. Bí mo bá dán an wò níta, orí mi nìkan ni yìnyín máa yọ sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Àánú ní kí n kí ewúrẹ́.

Ẹ ní èpístélì lẹ fẹ́, òun rèé. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè kí ẹ má baà sọ pé lẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n Dàdí, ẹ dákun, kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, níbo ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wá? Mo bi ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, òun kò sì tíì padà síbẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun.

Ọ̀rọ̀ gidi ló kù yìí. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo gbọ́ pé ojú yín kò dára mọ́. Mo gbọ́ ti òjò tí kò rọ̀. Mo gbọ́ ti ilé ìdáná ọsibítù Ìdó, mo gbọ́ ti ọ̀kadà, mo sì mọ ọbẹ̀ tí ẹ fi jẹ iyán Ìfàkì. Kò yà mí lẹ́nu. Màmi sọ fún mi nígbà ayé wọn pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wá gún abẹ́rẹ́ fún yín nílé ìwé ní Àsin, ẹ̀yin lẹ to àwọn ọmọ sórí ìlà, ẹ ní ọmọ tó bá sunkún yóò jẹ pàṣán. Nígbà tó wá kan ẹ̀yin, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ lu agogo. Aago mẹ́wàá ni agogo náà bẹ̀rẹ̀, kò dákẹ́ títí mọ́tò àwọn nọ́ọ̀sì fi kọjá odò.

Dàdí, iṣẹ́ abẹ ojú kò le. Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níhìn-ín, wọ́n ń ṣe é láàárọ̀, wọ́n ń jẹun ọ̀sán nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi gbọ́ Màmá Glory bó ṣe ń kọ orin adákọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, ọ̀bẹ wo ni ẹ kò lè fara dà?

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ mú Àánú wálé ní oṣù Kejìlá. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ kò sì tíì fojú kàn án. Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Àárò yín ń sọ mí.

Ọmọ yín,
Tèmítáyọ̀.


Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2025.

Tèmítáyọ̀,

Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí ọmọ rẹ. Ìwọ, n kò tíì mọ̀ bóyá mo kí ọ.

O béèrè ìbéèrè, olùkọ́ kì í sì í jẹ ìbéèrè lájẹgbé, bó ti wù kí inú bí i tó. Ọ̀rọ̀ Gíríkì ni èpístélì. Apá méjì ló ní. Ìkínní túmọ̀ sí "sí", ìkejì túmọ̀ sí "rán". Ohun tí a rán sí ènìyàn nìyẹn. Láti Gíríkì ló ti bọ́ sí èdè Látìnì, láti ibẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó gbé e kan àwa. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni àpọ́sítélì, ẹni tí a rán. Ẹni tí a rán ló ń gbé ohun tí a rán lọ. Lẹ́tà ńkọ́? Látìnì ni òun náà ti wá, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju a, b, d tí mo ń kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ àlàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà. Èpístélì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń jẹ́.

Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó dé. Bí wọ́n bá di àrokò, ẹni tó gbé e kì í tú u lójú ọ̀nà. Bákan náà, nígbà tí èpístélì bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ àtijọ́, ẹnì kan kì í gbé e wọ yàrá lọ kà. Wọn á pe ara wọn jọ, òǹkàwé á dìde, á kà á sókè, tọmọdé tàgbà á gbọ́, wọn á sì ṣe ohun tó wí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí èmi náà sì ṣe ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí mo gbọ́ lẹ́nu Ìfẹ́dayọ̀ pé o kọ ÈPÍSTÉLÌ gàdàgbà sókè, orí mi wú. N kò jẹ́ kí Festus já a. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lórí. Mo wọ agbádá funfun. Mo ní kí Àlùfáà fún wa láyè lẹ́yìn ìkéde. Mo rò pé ọmọ mi yóò kí ìjọ, yóò sọ bí Ọlọ́run ṣe mú un la òtútù já, bóyá yóò fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ tì í fún àwọn ọ̀dọ́.

Ohun tí mo wá gbọ́ ni agogo Àsin. Ohun tí mo wá gbọ́ ni iyán Ìfàkì. Àlùfáà fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, tí wọ́n ti di bàbá ọmọ, ń na ara wọn ní ìgbọ̀nwọ́. Kí ló dé tí o fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú èpístélì? Ẹyin lohùn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ojú mi kò ṣe nǹkan kan.

Bàbá rẹ,
J. A. Morákinyọ̀.

Tèmi, Festus ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, n kò ka ìwé oníwèé rí. Nígbà tí tìrẹ wọ orí fóònù mi, mo di ojú, mo gbé fóònù fún Ìfẹ́dayọ̀. Nítorí náà èmi náà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí mo fi dúró lórí pẹpẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ "ọ̀rọ̀ gidi", mo sá ojú síwájú, mo rí ọ̀nà tó ń lọ, mo dákẹ́. Bàbá rẹ fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, "Festus, kà á bó ṣe wà. A ì í gé èpístélì." Mo kà á bó ṣe wà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá Glory, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wo ilẹ̀. Òun nìkan ló ń wo mí.


Halifax, Kánádà.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 2025.

Dàdí,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìsinmi ọjọ́ mélòó kan.

Màmá Glory ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Orin ló kọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹsẹ gbogbo, ó sì pa á. Mo gbọ́ ọ tán nítorí ìyà tó tọ́ sí mi ni. Ọmọ kíláàsì mi kan láti Ìbàdàn kọ̀wé pé òun gbọ́ pé mo ń bú ìjọ láti òkèèrè. Gbogbo Ìkọ̀lé ló ti gbọ́ ohun tí mo kọ sí bàbá mi, bàbá mi nìkan ni kò gbọ́ ọ, nítorí ohun tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀ ni agogo.

Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. N kò kọ ọ́ sí àwọn ará Gíríkì. Ohun tí mo sọ nípa ojú yín, ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá ni. Ẹ wá gbé e dúró níwájú pẹpẹ, ẹ wọ agbádá fún un.

Mo ti pe ọsibítù náà fúnra mi. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ni ọjọ́ tuntun tí wọ́n fún yín, ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí. Bí ẹ kò bá lọ, n kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì. N kò lè gbé ọmọ mi la òkun kọjá kó wá jókòó lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò ní mọ̀ bóyá òun ni àbí ewúrẹ́ Àlhájà.

Tèmítáyọ̀.


Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 2025.

Tèmítáyọ̀ Morákinyọ̀,

Mo gba ìwé rẹ. Inú yàrá ni Festus ti kà á fún mi, a ti fèrèsé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó tó.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ti rí Kánádà, èmi kò rí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ọ sí èjìká lọ sí ilé ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí o tọ̀ sí mi lára, tí mo sì kọ́ni ní aṣọ náà títí di aago méjì. O wá sọ fún mi pé n kò ní mọ ọmọ yàtọ̀ sí ewúrẹ́.

Ojú mi ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló ti bá mi gbé, kò sì ráhùn sí ọ. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbé ọmọ rẹ sọ́dọ̀. N kò ní kọ̀wé mọ́.

J. A. Morákinyọ̀.

Tèmi, o bínú sọ̀rọ̀, òun náà bínú fèsì, ọ̀ràn sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Kò lọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ní òkú kan wà ní Ọ̀tùn tí òun gbọ́dọ̀ lọ sin. Mo bá a dé Ọ̀tùn. Kò sí òkú. A jókòó ní gáréèjì, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, a padà.

Lánàá, ó kí táǹkì omi tí Àlhájà Sàdíátù sá ìró sí. Ó ní, "Ẹ kúulé o, àwọn ọmọ ńkọ́?" ó sì dúró de èsì. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní àwọn ènìyàn ti di agbéraga láyé yìí. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ilé ni mo wọ̀ lọ, nítorí omi ti wà lójú mi. Dókítà ní ojú òsì kò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ mọ́, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e. Bí ó bá pẹ́ jù, iṣẹ́ náà lè má rọrùn mọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ni ọjọ́ tó kù.

Èmi kò lè mú un lọ. Àlùfáà bá a sọ̀rọ̀, ó bi Àlùfáà léèrè orísun ọ̀rọ̀ "àlùfáà". Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tí kò lè ta kò, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Àwọn ará ìjọ sì ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pé ìgbà wo ni èpístélì mìíràn ń bọ̀. N kò sọ nǹkan kan o. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mí.


Halifax, Kánádà.
Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 2025.

ÈPÍSTÉLÌ TÈMÍTÁYỌ̀ SÍ ÌJỌ TÍ Ó WÀ NÍ ÌKỌ̀LÉ-ÈKÌTÌ

Tèmítáyọ̀, ọmọ Morákinyọ̀, tí ìgbìmọ̀ kankan kò yàn, tí bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọ́wọ́ lé lórí, sí gbogbo ìjọ: sí Àlùfáà, sí àwọn àgbà, sí àwọn ìyá ìjọ, sí ẹgbẹ́ akọrin, àti sí àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn pátápátá kí wọ́n lè tètè jáde. Mo kí yín. Ó yẹ kí Alàgbà Festus máa ka èyí lọ láìdúró, kódà bí ẹnì kan bá fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

Kí n tó sọ ohunkóhun, Màmá Glory, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, èmi obìnrin. Ohun tí mo sọ nípa orin yín, ẹnu àìmọ̀kan ló sọ ọ́. Mo gbọ́ èyí tí ẹ kọ sí mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àánú ti mọ ègbè rẹ̀, ó ń kọ ọ́ ní ilé ìwẹ̀.

Bàbá mi kọ́ mi pé ohun tí a rán ni èpístélì, àti pé ìjọ tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó wí. Wọ́n kọ́ ẹ̀yin náà, mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í dá nǹkan mọ̀ kí wọ́n dákẹ́. Ó dára. Iṣẹ́ tí mo rán yín rèé.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, kí Àlùfáà fún wa ní bọ́ọ̀sì ìjọ. Kí Alàgbà Festus jókòó sí apá òsì bàbá mi, kí ẹlòmíràn tó sanra jókòó sí apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ òjò, ẹ má wo òkè. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan kú, ẹ ní ẹ óò sin ín ní ọjọ́ kejì. Kí àwọn ìyá ìjọ gún iyán, kí wọ́n gbé e dání dé Ìdó, kí ọ̀rọ̀ Ìfàkì má tilẹ̀ jẹ yọ. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin wọ aṣọ orin wọn, kí wọ́n sì pín ara wọn sí gbogbo ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tó bá ṣí. Ti ilé ìdáná, mo fi lé Màmá Glory lọ́wọ́ fúnra wọn. Àlhájà Sàdíátù kì í ṣe ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n ohùn Alàgbà Festus máa ń kọjá ògiri. Àlhájà, ẹ bá wa ṣọ́ ilé, kí ẹ sì so ohun tí ẹ ní ẹ kò rí.

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ní ilé ìwé fún ọdún márùndínlógójì, kò rọrùn fún un láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ti bàbá mi ni. Wọ́n wà níbẹ̀, mo mọ̀, lórí ìjókòó kẹta. Dàdí, mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí yín ní oṣù Kẹta tí kò yẹ kí ọmọ sọ. Ẹ foríjì mí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ni a óò dé. Bí ẹ lọ sí Ìdó, bí ẹ kò lọ, à ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí wa nígbà tí a bá ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

Kí a ka èpístélì yìí sókè, kí a má gé e.


Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, 2025.

Tèmi ọmọ mi,

Festus ló ń kọ eléyìí látòkè délẹ̀. Bàbá rẹ kò mọ̀ sí i.

Ọjọ́ kìíní oṣù yìí ni mo ka èpístélì rẹ. N kò sọ fún un pé ó dé. Nígbà tí mo pe àkọlé rẹ̀, ó nà tààrà lórí ìjókòó, ó tún agbádá ṣe, ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ bí ọmọ mi ti í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí ìwé rè é." Inú rẹ̀ dùn títí mo fi dé orí bọ́ọ̀sì. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń kà lọ. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń kà lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí ó foríjì ọ́, kò lù ú mọ́.

Mo kà á tán. Àlùfáà ní, "Hẹ́dímásítà, kí lẹ ní í sọ?" Ó dìde. Ó ní, "Uṣẹ́ ni wọ́n rán yín. Ẹ yáa jẹ́ ẹ." Ó jókòó. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló wọ bọ́ọ̀sì. A kọjá Ọ̀yẹ́. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìdó, ó ní ó dà bí ẹni pé ìkùukùu ń ṣú. Kò sí ẹni tó wo òkè. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo jẹ́ kó lọ. Ó gba ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá Glory ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ orin, pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́. Kò sọ pé kó padà o. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìíní ni. Bàbá rẹ yí padà, ó bá nọ́ọ̀sì tó ń pè é, ó ní, "Ẹ wá tètè ṣe é, kí obìnrin yìí tó dé ẹsẹ kejì."

Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Kò gùn tó ìkéde ọjọ́ Ìsinmi. Kí wọ́n tó mú un wọlé, ó di ọwọ́ mi mú, Tèmi, ó dì í mú gan-an. N kò mọ̀ pé agbára ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lánàá wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ó wo ògiri, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wá wo mí títí. Ó ní, "Festus, o ti darúgbó." Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ó ní òun kò tíì rí dígí.

Àwọn ìyá ìjọ ní kí n sọ fún ọ pé iyán náà tán.

Èmi ni,
Festus.


Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, 2025.

Tèmi mi,

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí. Bí o bá rí i pé ìlà ń gun òkè, má tíì fún mi ní òdo. Ojú kan ló ń ṣiṣẹ́, ti òsì di oṣù Kẹjọ, èmi fúnra mi ni yóò sì wọ mọ́tò lọ. Ìfẹ́dayọ̀ ló bá mi ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Festus ò tíì rí i, ìjọ ò sì ní gbọ́ ọ. Pe é ní lẹ́tà. A, b, d lásán ni.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò lè pè kí Festus kọ. Ti agogo Àsin, òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ ló bà mí lẹ́rù. Ti Ìdó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìyá rẹ wọ irú yàrá iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ní kí n di í mú fún òun, pé òun ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa, ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé tó ń pe orúkọ mi, ẹsẹ̀ mi kì í dúró. Mo rò pé bí mo bá wọ ibẹ̀, n kò ní jáde, ìwọ yóò sì dé ní oṣù Kejìlá bá ilé òfìfo. Mo fẹ́ kí o bá mi nílé, bí n kò tilẹ̀ ríran. Òun ni mo ń sá fún. O kò mọ̀, n kò sì jẹ́ kí o mọ̀. Mo ti foríjì ọ́. Kí ìwọ náà foríjì mí.

Àwòrán Àánú tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ wà lára ògiri láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo ń fi hàn, mo sì ń sọ fún wọn pé èmi ló jọ. Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Hẹ́dímásítà." N kò rí i rí, Tèmi. Aṣọ funfun kan ni mo ń rí. Láàárọ̀ yìí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Kò jọ mí rárá. Ìyá rẹ ni, láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n. Mo jókòó tì í títí ẹ̀kọ mi fi tutù.

Bàbá rẹ.